Lanlọ́ọ̀dù Mi Nínú Ṣọ́ọ̀ṣì

Màámi,

Mo dọ̀bálẹ̀ o. Ẹ ní kí n má máa pa ṣọ́ọ̀ṣì jẹ. Ẹ fọkàn balẹ̀, tọ̀sán-tòru ni mo wà níbẹ̀! Ṣọ́ọ̀ṣì ayé òyìnbó ni. Òrùlé rẹ̀ ti wó, ṣùgbọ́n abẹ́ àga ìwàásù kì í jò. Òyìnbó tó dá a sílẹ̀ ni lanlọ́ọ̀dù mi: ẹ̀gbẹ́ pẹpẹ ni wọ́n sin ín sí, kì í kanlẹ̀kùn béèrè owó ilé. Bàbá tó ń roko itẹ́ òkú sọ pé ibà ló pa á. Ó ní orí ìdùbúlẹ̀ àìsàn ni òyìnbó náà wà tó ṣì ń kọ̀wé sí ìyá rẹ̀ pé ara òun le koko bí ọta.

Ẹ bá mi kí àbúrò mi. Ikọ́ mi ti ń rọlẹ̀. Ara tèmi náà le koko bí ọta.