Ìpín Ilé Kẹta Nínú Íńtánẹ́ẹ̀tì Ọgbà

Yàrá Kẹrìndínlógún,
Ilé Kẹta,
Ọgbà Àwọn Òṣìṣẹ́ Ilé Ìwòsàn.
Ọjọ́ Kẹsàn-án, Oṣù Kẹfà, Ọdún 2025.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Tó Ń Bójú Tó Íńtánẹ́ẹ̀tì,
Ọ́fíìsì Àgbà,
Ọgbà Àwọn Òṣìṣẹ́ Ilé Ìwòsàn.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

ÀRÒYÉ LÓRÍ ÒFIN TUNTUN TÍ A FI Ń PÍN ÍŃTÁNẸ́Ẹ̀TÌ ỌGBÀ

1. Èmi ni mo ń lọ aṣọ dókítà àti aṣọ ibùsùn aláìsàn ní yàrá ìfọṣọ. Ọdún kẹfà mi rèé nínú ọgbà yìí. N kò kọ ìwé àròyé rí, kódà nígbà tí òjò ń jò sórí bẹ́ẹ̀dì mi.

2. Ní ọjọ́ kejìlá oṣù tó kọjá, ẹ lẹ òfin tuntun mọ́ ara ògiri. Ó ní nítorí pé èrò ti pọ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo, ohùn ni yóò máa kọ́kọ́ kọjá. Àwòrán yóò tẹ̀ lé e, àwọn fóònù tí òpó íńtánẹ́ẹ̀tì bá sì ń gbọ́ dáadáa ni yóò kọ́kọ́ rí i gbà. Abẹ́ òpó gan-an ni Ilé Kìíní wà. Ẹ̀yìn ilé ẹ̀rọ amúnáwá ni tiwa wà, ògiri mẹ́ta ló sì dí wa.

3. Mo lọ bá ẹnjiníà yín, ó fi sùúrù ṣàlàyé fún mi. Ó ní ẹnì kan ṣoṣo ni ẹ̀rọ orí òpó náà lè dá lóhùn lẹ́ẹ̀kan; ẹni tó jìnnà a máa pẹ́ kó tó gbọ́, bí wọ́n bá sì ń dúró dè é, gbogbo ọgbà ni yóò falẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà yé mi. Ká ní Ilé Kìíní ni mò ń gbé, èmi náà ìbá pàtẹ́wọ́ fún òfin yìí. Ṣùgbọ́n ohun tó kọjú sí ẹnì kan, ẹ̀yìn ló kọ sí ẹlòmíràn.

4. Adití ni ìyá mi láti ìgbà tí wọ́n ti bí i. Kò lọ sí ilé ìwé, nítorí náà kò lè ka àtẹ̀jíṣẹ́. Èdè ọwọ́ tí ó ń sọ, inú ilé wa la ti dá a sílẹ̀: òun, bàbá mi àti èmi. Bàbá mi ti kú. Aládùúgbò tó ń bá a di fóònù mú nílùú wa ń tọ́jú rẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n oúnjẹ àti oorun nìkan ló mọ̀ nínú èdè náà. Ẹ má rò pé ẹni jẹ́ẹ́ ni ìyá mi o. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó lè fi ọwọ́ méjì ṣòfófó gbogbo àdúgbò. Èmi nìkan ló kù láyé tó lè gbọ́ ọ, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́ Àìkú la sì máa ń rí ara wa lójú fóònù.

5. Ọjọ́ Àìkú mẹ́rin ló ti kọjá lórí òfin yìí. Ní àkọ́kọ́, gbogbo ìka rẹ̀ di kùrukùru lójú mi. Ní ẹ̀kejì àti ẹ̀kẹta, kò wọlé rárá. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù lásán kì í wọ àfonífojì yìí. Mo gbé fóònù lọ sábẹ́ òpó, ẹ̀ṣọ́ dá mi padà, ó ní ti àwọn dókítà ni ibẹ̀. Akọ̀wé yín wá gbà mí nímọ̀ràn pé kí n pa àwòrán, kí n fi ohùn nìkan pe ìyá mi, nítorí pé ohùn kì í já. Mo rẹ́rìn-ín ní ọ́fíìsì yín lọ́jọ́ náà. Mo tọrọ àforíjì.

6. Lánàá, ó wọlé. Ìyá mi pe orúkọ mi: ìka méjì lórí ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì, níbi tí mo ti ní àpá. Ó tọ́ka sí ilẹ̀kùn. Ó gbé ọwọ́ kejì sókè, àwòrán sì dúró. Ìṣẹ́jú mẹ́ta ni mo fi ń wo ìdajì ọ̀rọ̀. Ohun tó dùn mí jù ni pé èmi náà dúró gbagidi lójú fóònù tirẹ̀. Bí ohùn bá já, ẹni tó ń gbọ́ràn mọ̀ pé íńtánẹ́ẹ̀tì ni. Lójú ìyá mi, ọmọ rẹ̀ ń wò ó, kò dáhùn. Nígbà tí àwòrán padà, ó ti ká ọwọ́ méjèèjì lé itan. Mo ní kó tún un sọ. Ó ní kò sí nǹkan.

Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Ti ìyá mi kò sí níbòmíràn.

7. N kò ní kí ẹ gba ti ẹnikẹ́ni fún mi. Dókítà Ilé Kìíní tó ń wo bọ́ọ̀lù, kó máa wò ó lọ. Ẹ̀bẹ̀ mi ni pé kí ẹ̀rọ yín máa wo ẹni tó ti pẹ́ jù tó ti rí nǹkan gbà, kó dá a lóhùn, bó ti wù kó jìnnà tó. Ẹnjiníà yín fúnra rẹ̀ ní ó ṣeé ṣe. Bí ìyẹn bá máa pẹ́, ẹ fún Ilé Kẹta ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí àwòrán kò ní dúró, ní aago mẹ́rin Ọjọ́ Àìkú. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.

8. Ẹ̀yin Ọ̀gá, àárò ìyá mi ń sọ mí. Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin ni, ó sì ti di ọdún mẹ́ta tí mo ti fọwọ́ kàn án gbẹ̀yìn. N kò mọ ohun tó fẹ́ sọ nípa ilẹ̀kùn náà, kò sì sí ẹlòmíràn tí mo lè bi. Ní Ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀, màá tọ́ka sí ilẹ̀kùn, màá gbé ọwọ́ kejì sókè bó ṣe gbé e, màá sì dúró kó bá mi parí rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n rí i.

Ẹ ṣeun tí ẹ kà á dópin.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Aláyọ́ọ̀nù, bí gbogbo ọgbà ṣe ń pè mí,
Òṣìṣẹ́ Yàrá Ìfọṣọ.