Fúròmáàjì Tí A Fi Etí Ìyá Rẹ Wọ̀n

Sàídátù ọmọ mi,

Kí lẹ́tà yìí bá ọ nínú àlàáfíà, kí ó bá ọ lórí ìdúró nídìí ìdáná àwọn òyìnbó rẹ ní Kútọnu, kí òkun tí ẹ ń gbọ́ ariwo rẹ̀ sì dúró síbi tí Ọlọ́run fi í sí. Àwa náà wà ní Ṣakété. Ibà mú ìyá rẹ, ṣùgbọ́n ó ti ń jẹun. Ewúrẹ́ dúdú bí méjì, ọ̀kan ló yè. Láti ìgbà tí a ti gba òmìnira, wọ́n ti kun ilé iṣẹ́ ìjọba ní ọ̀dà tuntun, inú rẹ̀ ni kò tíì yí padà.

Mùílíù awakọ̀ gbé wàrà òyìnbó tí Màdámù rẹ fún ọ dé, èyí tí o pè ní fúròmáàjì. Mo rí òǹtẹ̀ lórí páálí rẹ̀, mo rò pé ọ̀rọ̀ owó-orí ni, mo sì fi í pamọ́ fún ọjọ́ méjì kí n tó ṣí i. O ní kí a gbé e síbi tó tutù, pé Màdámù ní ẹ̀rọ kan tó ń ṣe ọyẹ́ nínú ilé. Ọyẹ́ kò sí lọ́dọ̀ wa lásìkò yìí, ẹ̀gbẹ́ àmù ni a gbé e sí. Bí ọyẹ́ tí ẹ̀rọ yẹn ń ṣe bá pọ̀ ju èyí tí ẹ nílò lọ, bu díẹ̀ sínú ìgò fún wa, kí o sì dé e dáadáa.

O kọ ọ́ pé kí a máa fi àtàǹpàkò tẹ àárín rẹ̀, pé bí ó bá le, kò tíì yá, bí ó bá rọ̀ bí ìsàlẹ̀ etí, kí a jẹ ẹ́ lọ́jọ́ náà, bí ó bá sì ń rùn bí ìtọ̀ àgbò, ó ti kọjá àkókò rẹ̀, kí a dà á nù. Ní gbogbo òwúrọ̀, bí mo bá ti kírun àsùbá tán, màá tẹ etí mi, màá tẹ fúròmáàjì. Ohun tí o kò sọ ni etí ta ni. Etí tèmi le. Ti ìyá rẹ rọ̀ gan-an nítorí yẹtí wúwo tó ti ń lò láti ìgbà ọmọge. Ní ọjọ́ Àtìní, fúròmáàjì ti rọ̀ tó etí mi, mo fẹ́ jẹ ẹ́, ìyá rẹ ní kí n tẹ etí tòun wò. Mo tẹ ẹ́, mo rí i pé ó ṣì kù díẹ̀ kó rọ̀ tó o. Ibà ń ṣe é, mi ò fẹ́ bá a jiyàn, a dúró de etí tirẹ̀. Nígbà tó fi máa di Àlàmísì, gbogbo ilé ti ń rùn bí ìtọ̀ àgbò. Ṣùgbọ́n àgbò wa náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, mi ò sì mọ èyí tó ń rùn nínú àwọn méjèèjì, ni mo bá mú àgbò lọ sí ilé Safurat aládùúgbò wa. Òórùn kò lọ.

Ọjọ́ yẹn gan-an ni àwọn ará ilé Mùíbì, káfíńtà Gbégamey ní Kútọnu yín tó fẹ́ fẹ́ ọ, yàn láti wá wádìí ìdílé wa. O mọ̀ pé wọn kì í sọ pé ohun tí àwọn wá ṣe nìyẹn. Ìdíátù ìyá rẹ̀ àti Bàbá Dúrótoyè, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, gbéra láti Pobè, wọ́n ní àwọn wá ra epo pupa, bí ẹni pé epo kò sí ní Pobè. Wọ́n jókòó, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wo ara wọn. Mo bu omi fún wọn, wọn kò gbà á. Ìdíátù bi mí pé ta ló dùbúlẹ̀ nínú yàrá. Mo ní ìyàwó mi ni, ara rẹ̀ ni kò yá. Bàbá Dúrótoyè wá bi mí pé ìgbà wo ni egbò tó ń rùn yìí ti wà lára rẹ̀.

Sàídátù, bí wọ́n bá ti lè sọ ọ́ pé egbò adáàjinná wà nínú ilé wa, ìwọ àti àwọn àbúrò rẹ kò ní rí ọkọ mọ́ láti Pobè títí dé Kétu. Ẹ̀rù bà mí gan-an. Ìyá rẹ jáde wá kí wọn, ṣùgbọ́n aṣọ bò ó lára, wọn kò sì lè ní kí ìyàwó oníyàwó tú aṣọ. Mo sáré gbé fúròmáàjì jáde, mo ní òun ló ń rùn, pé wàrà ni. Bàbá Dúrótoyè ní òun ti ń jẹ wàrà Fúlàní kí wọ́n tó bí mi, wàrà kì í hu irun funfun. Ó ní bí ó bá jẹ́ oúnjẹ lóòótọ́, kí n jẹ ẹ́.

Mo ṣe bisimílà, mo jẹ ẹ́ tòun ti irun ara rẹ̀, mo jẹ ẹ́ tán. Wọ́n jókòó tì mí títí di ìrun àsárì láti mọ̀ bóyá n ó kú. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Bàbá Dúrótoyè na ìka sókè pé kí n kà á. Mo kà á. Ni Ìdíátù bá bú sẹ́kún, ó ní bàbá tó lè gbé irú èyí mì nítorí ọmọ rẹ̀, àwọn kò tún ní wádìí kankan mọ́. Wọ́n ra epo ìgò méjì kí irọ́ wọn lè pé, wọ́n sì lọ.

Ìdáhùn wọn dé lánàá, wọ́n ti gbà, wọ́n á wá tọrọ rẹ lẹ́yìn Iléyá. Gbogbo àdúgbò ló ń kí mi. Ìyá rẹ pa adìẹ fún mi, omi ń bọ́ lójú rẹ̀ bó ṣe ń gbé e kalẹ̀, ó ní ìyà tí mo jẹ lórí rẹ pọ̀ jù.

Jọ̀wọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ fún kínínì tí ìyá rẹ á fi wo ibà àti fún ọṣẹ, nítorí òórùn náà ṣì wà lára àmù. Ó ku ohun kan tó jẹ́ pé ìwọ nìkan ni mo lè sọ ọ́ fún, ìyá rẹ kò kúkú mọ̀wé. Láti òkèlè kejì ni fúròmáàjì náà ti ń dùn mọ́ mi lẹ́nu. Nígbà tí mo dé òkèlè kẹrin, ẹ̀rù tó ń bà mí ni kí Bàbá Dúrótoyè má ní kí n fún òun tọ́ wò. Bí Màdámù bá tún ní èyí tó ti kọjá àkókò rẹ̀, má jẹ̀ẹ́ kó dà á nù. Gbé e fún Mùílíù, sọ fún un pé bàtà àtijọ́ ni, á gbà ọ́ gbọ́.

Ọlọ́run á jẹ́ kí ilé ọkọ tù ọ́ lára, wàá bí ọmọ, ohunkóhun tí ìwọ náà bá sì ní láti jẹ nítorí àwọn ọmọ náà, á dùn lẹ́nu rẹ. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ,
Jímọ́ọ̀