Itan Àgbò Tí Mo Fi Bẹ Òyìnbó

Abúlé Alápó, Ògbómọ̀ṣọ́,
Oṣù kẹrin, ọdún 1974.

Síkírù ọmọ mi,

Àsàlámù àlékúmù. Ṣé dáadáa lo wà, ṣé ara Rosaline ìyàwó rẹ le nílé yín ní Àgùdà? Ọlọ́run kò ní jẹ́ ká sunkún ara wa o, àmín. Àwa náà ń bẹ níbí, orúnkún nìkan ló ń dá mi láàmú, ewúrẹ́ ìyá rẹ sì ti bí ìbejì.

Ọ̀rọ̀ Iléyá tó kọjá ló wà lọ́kàn mi. A kò rí ọ. Rédíò ti sọ fún wa pé àwọn Lárúbáwá ń bá òyìnbó jà, pé wọ́n ti epo mọ́ wọn, débi pé àwọn òyìnbó ń tò sẹ́yìn ara wọn nílùú wọn kí wọ́n tó rí epo rà sọ́kọ̀. Mo ní háà, ṣé kì í ṣe òyìnbó yìí náà ni Síkírù ń bá ṣiṣẹ́ ní Ìlúpéjú? Wọ́n ti di ọmọ mi mú nítorí pé Mùsùlùmí ni! Ìdí nìyẹn tí mo fi gé itan àgbò wa, tí mo gbé e fún Oyèníran tó ń fi ọkọ̀ kó iṣu wá sí Èkó, kó bá mi fi bẹ ọ̀gá rẹ, kó sọ fún un pé ará ilé wa kankan kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n ti epo pa, pé àwa gan-an kò rí kẹrosíìnì rà.

Oyèníran padà dé, ó ní ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì sọ pé àwọn kò mọ Síkírù kankan, pé Stephen nìkan ni ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó wà lọ́dọ̀ àwọn. Wọ́n pe Stephen, ìwọ lo jáde. Ó ní o gba ẹran, o fa òun sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, o sì bẹ òun kí òun má pè ọ́ ní Síkírù níbẹ̀ mọ́. Ẹ̀ṣọ́ náà tún ní gbogbo ẹni tó tọrọ àyè Iléyá ni òyìnbó fún, Stephen ni kò tọrọ.

Kùdírátù ìyá rẹ sunkún títí. Mo ní kó dákẹ́, ọgbọ́n ogun ni, ẹni tó bá wà láàárín ọ̀tá a máa fi orúkọ pamọ́. Mo kìlọ̀ fún Oyèníran kó má sọ ọ́ ní gáréèjì, kí wọ́n má baà pa ọ́ lára. Láti ìgbà náà ni mo ti ń tẹ́tí sí rédíò. Ṣé ọ̀gá rẹ tilẹ̀ jẹ itan ọ̀hún?

Ní oṣù tó kọjá, rédíò ní wọ́n ti ṣí epo fún òyìnbó. Inú mi dùn, mo gbálẹ̀ yàrá rẹ, mo ń retí rẹ. O kò wá. Ìyá rẹ wá ní kò sí ogun kankan tó lé ọ kúrò lórí orúkọ rẹ, ojú wa ló ń tì ọ́. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọ eegun, Síkírù. Ilé là ń wò ká tó sọ ọmọ lórúkọ. Kí lo rí nílé wa?

Bí Lárúbáwá àti òyìnbó bá lè parí tiwọn, kí ni mo fi ṣẹ̀ ọ́? Jọ̀ọ́, fi owó kẹrosíìnì ránṣẹ́, òkùnkùn pọ̀ níbí. Ṣùgbọ́n Síkírù ni kí o kọ sára àpòòwé náà. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, má fi ránṣẹ́, a ó jókòó sínú òkùnkùn wa.

Ọlọ́run yóò la ọ̀nà fún ọ. Yóò fún ọ ní ọmọ ọkùnrin tí kò ní sẹ́ orúkọ tí o bá sọ ọ́.

Èmi ni Fàsásì,
bàbá Síkírù.