Ilẹ̀kùn Tí Bàbá Ò Lè Tì

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo kí ìyàwó yín, mo kí àwọn ọmọ, pàápàá àbíkẹ́yìn tí mi ò tíì fojú kàn. Orúnkún Màámi ti fúyẹ́; oògùn tí ẹ fi ránṣẹ́ bá wọn lára mu.

Ẹ má rẹ́rìn-ín o: gbogbo ilé wa ti di eléré ìtàgé. Màámi ń rán aṣọ fún ẹgbẹ́ eré àdúgbò, èmi sì ni ọlọ́pàá. Ilẹ̀kùn lásán ni wọ́n ní kí Bàbá wá bá àwọn kàn, ni wọ́n bá gbọ́ ohùn wọn, wọ́n sọ wọ́n di bàbá inú eré.

Ohun tí mo tìtorí ẹ̀ kọ̀wé nìyí. Nínú eré náà, bàbá yìí á lé ọmọ ẹ̀ jáde, á sì ti ilẹ̀kùn. Lánàá tí a ń dánra wò, Bàbá pariwo mọ́ ọmọ náà dáadáa, àmọ́ nígbà tó kan kọ́kọ́rọ́, ọwọ́ wọn dúró.

Olùdarí ní, "Bàbá, ẹ tì í!"

Bàbá ní, "Èyí tí mo tì mọ́ ọmọ tèmi lọ́dún mẹ́sàn-án sẹ́yìn, mi ò tíì mọ bí mo ṣe máa ṣí i."

Màámi ń ránṣọ lọ bí ẹni tí ò gbọ́, àmọ́ kò sí òwú nínú abẹ́rẹ́ wọn.

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tí Bàbá sọ sí yín lọ́jọ́ yẹn wọ̀ yín lákínyẹmí ara. Mi ò ní kí ẹ gbàgbé. Kí ẹ pè wọ́n ni mo ń bẹ̀. Ọlọ́run á máa ṣọ́ ìjáde àti ìwọlé yín.

Bí wọ́n bá gbé fóònù tí wọn ò sọ̀rọ̀, ẹ má tètè pa á o. Kọ́kọ́rọ́ ni wọ́n ń wá.

Àbúrò yín ni.