Àsíá Pupa Lórí Òrùlé Màmá Rẹ

Zenaida ọmọ mi, àkọ́bí Fortunata,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú òtútù, mo sì kí ọ kú ọjọ́ mẹ́ta. Báǹkì tí o ti ń ṣiṣẹ́ ńkọ́? Ṣé àwọn èèyàn ṣì ń kó owó wọn wá fún yín pé kí ẹ bá wọn tọ́jú rẹ̀, tí ẹ sì ń dá a padà fún wọn láìsí ìjà? Ọlọ́run yóò máa ṣọ́ ọwọ́ rẹ níbẹ̀. Wúńdíá Mímọ́ inú ṣọ́ọ̀ṣì wa kò ní jẹ́ kí o ṣìnà ní Cusco, òkè ńlá tó dúró lẹ́yìn ilé wa náà kò sì ní gbójú kúrò lára rẹ. Àmín.

Bí o bá ń béèrè wa, a wà, a ò kú, a ò sì sá. Ìrì dídì pa ọ̀dùnkún apá òkè, ṣùgbọ́n ti apá odò yè. Màlúù wa bí akọ. Wilber, àbúrò màmá rẹ, ti ra kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta mìíràn tó fi ń kó èrò, èyí kò ní fèrè, ẹnu ara rẹ̀ ló fi ń pariwo lé àgùntàn kúrò lójú ọ̀nà.

Òun náà ló gbé ọ̀rọ̀ rẹ wá nínú fóònù rẹ̀. Ó kà á sí wa létí nídìí àdògán, pé o ń bọ̀ ní Sátidé pẹ̀lú Renzo àfẹ́sọ́nà rẹ àti àwọn òbí rẹ̀ tí wọ́n ti Lima wá, pé ẹ fẹ́ wá fi òpin ọ̀sẹ̀ gbafẹ́ ní àfonífojì wa, pé o ti wo inú fóònù láti mọ ibi tí oúnjẹ ìbílẹ̀ ti dára jù, fóònù sì ní ilé oúnjẹ Abelardo tó wà ní ìyànà ni, pé ẹ ó jẹun níbẹ̀ tán kí ẹ tó yà wá kí wa. O ní àwọn ará Lima ò lè jókòó sórí bẹ́ǹṣì tí kò lẹ́yìn, àti pé ìyá Renzo lè dákú bó bá rí kúì sísun, ẹran ọ̀sìn wa tó jọ òkété kékeré, tí orí àti eyín rẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀.

Màmá rẹ ní ó dára. Ó ro ìkòkò orí iná, ó tún ní ó dára. Zenaida, o mọ màmá rẹ. Bó bá bú èèyàn, ọ̀rọ̀ ti tán nìyẹn. Bó bá ní ó dára lẹ́ẹ̀mejì, oorun ò ní kùn ún lọ́jọ́ náà. Obìnrin tó ti ń pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ láti ìgbà tí o wà lẹ́yìn rẹ̀, tí àwọn awakọ̀ ẹrù ń torí ọbẹ̀ olú rẹ̀ yà kúrò lójú títì, ọmọ rẹ̀ ń bọ̀ wá jẹ oúnjẹ ìbílẹ̀, ó sì fẹ́ gba iwájú ilé rẹ̀ kọjá lọ jẹ ẹ́ nílé Abelardo, Abelardo tí ìyàwó rẹ̀ ń wá ra ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ lọ́wọ́ wa! Ó dùn mí. Ó dùn mí gan-an, n kò sì ní fi pa mọ́. Mo bá pinnu pé kó tó di Sátidé, fóònù yìí yóò mọ ilé wa.

Mo kọ́kọ́ fẹ́ mọ irú ẹni tó ń gbé inú rẹ̀. Ní ọjọ́ Àìkú, ọkọ̀ kan dúró lábẹ́ àsíá wa gan-an, obìnrin kan sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó ní ebi ń pa òun, òun ò mọ ibi tí òun yóò ti jẹun. Lábẹ́ àsíá pupa! Ọmọ ọwọ́ àfonífojì yìí mọ̀ pé ilé tí wọ́n bá ta aṣọ pupa sórí ọ̀pá níwájú rẹ̀, ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ wà ńlẹ̀ níbẹ̀, iná sì wà lábẹ́ ìkòkò. Ó ní fóònù sọ pé kò sí ilé oúnjẹ kankan nítòsí. Mo sì gbọ́ ohùn obìnrin kan nínú fóònù náà tó ń ní kí wọ́n máa lọ tààrà. Mo kí i. Mo ní ẹ káàsán mà. Kò dáhùn. Mo ní ṣé ẹ ti jẹun mà, ó ní ká yà sí ọ̀tún. Mo rò ó pé ebi ló ń pa òun náà tó fi ń ṣe bẹ́ẹ̀, mo bu ṣẹ̀kẹ̀tẹ́, mo ta díẹ̀ sílẹ̀ fún Ìyá Ilẹ̀ bó ti yẹ, mo fẹ́ ta díẹ̀ sí i lẹ́nu, ni ẹni tó ni fóònù bá figbe ta, ó kó sínú ọkọ̀, wọ́n lọ. Ilé Abelardo ni wọ́n yà sí.

Wilber ní mi ò gbọ́n. Ó ní obìnrin yẹn kì í jẹun, pé àwọn ẹ̀rọ kan ló wà lójú sánmà tí wọ́n ń wo ilẹ̀, tí wọ́n ń ròyìn fún fóònù, àti pé Abelardo ní ìràwọ̀ márùn-ún. Mo jáde lálẹ́ lọ wò ó. Ìràwọ̀ tó wà lórí ilé tiwa ò lóǹkà. Ìgbà yẹn ni mo rí ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Ẹni tó bá ń ti òkè bẹ́ẹ̀ wo ilẹ̀, báwo ni yóò ṣe rí àsíá tí kò ju aṣọ ìnujú lọ?

Ní ìdájí ọjọ́ ọjà, mo gun òrùlé. Gbogbo ohun pupa tó wà nílé ni mo kó dání, aṣọ ìbora wa, aṣọ orí tábìlì, ìborùn ìyá mi, àti yẹ̀rì pupa tí màmá rẹ wọ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó wa. Mo tẹ́ wọn láti igun dé igun, mo fi òkúta tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀. Mo gbójú sókè, mo juwọ́ sí àwọn ẹ̀rọ ojú sánmà náà.

N kò rò ó pé àwọn tó wà nílẹ̀ náà ń wò mí. Bí aṣọ kékeré bá dúró fún ìkòkò kan, kí ni odidi òrùlé dúró fún? Wọ́n ní èmi Hilarión ti pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ gbogbo ayé. Wọ́n ti ọjà ya wá. Àwọn tó ń wa ọ̀dùnkún gbé ọkọ́ kọ́ èjìká wá. Àgbàlá kún, àwọn ọkùnrin ń ta ayò, wọ́n ń ju owó idẹ sẹ́nu ọ̀pọ̀lọ́ idẹ wa, wọ́n sì ń fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́, pé ọwọ́ tó ń gbọ̀n báyìí, ṣé òun náà ló ń fún wàrà màlúù, àbí màlúù ló ń bá a fún un? Nígbà tó yá, ọkọ̀ àlejò kan tó ń lọ sílé Abelardo dúró. Wọn ò wo fóònù, èrò ni wọ́n wò. Bàbá àgbà kan nínú wọn sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé ibi tí àwọn onílé bá ti ń fún ara wọn mọ́ orí bẹ́ǹṣì báyìí, oúnjẹ wà níbẹ̀. Wọ́n jókòó, ẹ̀yìn wọn ò sì kán. Obìnrin náà béèrè ohun tó ń fi eyín wo òun nínú àwo, màmá rẹ ní kúì ni, obìnrin náà dijú, ó bù ú jẹ, nígbà tó máa lajú, itan kejì ló ń wá.

Inú mi dùn, àṣé ayọ̀ náà ò ní pẹ́. Ọ̀sán ò tíì pọ́n tí ìkòkò fi gbẹ. Màmá rẹ lọ sọ àsíá ìta kalẹ̀ bí a ti máa ń ṣe bí oúnjẹ bá tán, ṣùgbọ́n òrùlé ṣì pupa, afẹ́fẹ́ sì ti ká yẹ̀rì mọ́ igi òrùlé débi tí n kò lè tú u. Èrò ń wọlé, wọn ò bá ohunkóhun. Wọ́n ní Hilarión òpùrọ́, irọ́ orí ilẹ̀ ò tó o mọ́, ó ń gun òrùlé lọ pa á. Bàbá Teódulo, tó ti òkè fi ọ̀pá rìn wá, ní láti ìgbà tí òun ti dáyé, àsíá ilé yìí ò parọ́ fún òun rí. Màmá rẹ bẹ̀ ẹ́, ó gbé ọbẹ̀ tí a fẹ́ jẹ fún un. Lẹ́yìn náà ló kọjú sí mi. Ohun tó sọ, n kò ní kọ ọ́ sínú ìwé tí ọmọ yóò kà.

Nítorí náà mo ti fi fóònù sílẹ̀. Ìwọ ni mo ń bá wí. Ìwọ tó o máa ń gun àpótí láti bá màmá rẹ ta àsíá yẹn kó o tó lọ sílé ìwé, tó o máa ń sunkún bí wọ́n bá sọ ọ́ kalẹ̀ kó o tó dé, ìwọ ò nílò obìnrin tí kì í dáhùn ìkíni kó tó júwe ilé yín fún ọ. Ní Sátidé, àsíá yóò wà lókè, n óò sì wà lábẹ́ rẹ̀ láti àárọ̀. Bí mo bá ti rí ọkọ̀ yín, àárín títì ni n óò bọ́ sí, kí Renzo máa fun fèrè rẹ̀ lọ. Bí ẹ bá sì rí ọ̀nà yà mí sílẹ̀, tí ẹ kọjá lọ sílé Abelardo, èmi fúnra mi ni n óò sọ àsíá náà kalẹ̀ lórí ìkòkò tó kún, kí màmá rẹ lè sọ fún aládùúgbò pé oúnjẹ ló tán. Irọ́ kejì tí àsíá wa yóò pa nìyẹn, ìwọ lo sì máa ni ín.

Jọ̀wọ́ fi owó díẹ̀ rán Wilber sí mi, kí n fi ra aṣọ pupa, torí afẹ́fẹ́ ya yẹ̀rì ìgbéyàwó màmá rẹ sí méjì, kí n sì rí ti epo kẹ̀kẹ́ Wilber san. Bí ẹnì kan bá gbàgbé tirẹ̀ sí báǹkì yín, má fọwọ́ kàn án o, tìrẹ ni kó o fi ránṣẹ́. Ilé ọkọ tí ò ń lọ yóò gbà ọ́. Ẹsẹ̀ rẹ kò ní gbàgbé ọ̀nà ilé. Ohun tó o bá gbé ka iná kò ní jóná, ẹni tó o bá bu oúnjẹ fún yóò jẹ ẹ́ tán, yóò sì súre fún ọ. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ,
Hilarión.

Màmá rẹ dúró sẹ́yìn mi, ó ní kí n fi èyí kún un. Ó ní òun ò sọ pé kí ẹ wá o. Ó ní ó dára. Ó ní òun kàn ń sọ ọ́ ni pé òun ti yọ àwọn kúì tó sanra sọ́tọ̀, pé òun yóò gé orí tìyá Renzo kúrò kí òun tó gbé e síwájú rẹ̀, ohun tí kò ṣe fún bíṣọ́ọ̀bù pàápàá. Ó ní kó o tètè fèsì, ṣé ìyá Renzo ń jẹ ata?