Ọ̀nà tí Bàbá Là fún Mọ́tò tó ń Fò

Ẹ kú ilé o, Bàbá mi. Ẹ kú iṣẹ́ oko, ẹ kú àmójútó ilé. Mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ láti ìhín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé sìmẹ́ńtì ibi tí mo wà tutù bí ojú omi. Ìyá mi, mo kí yín, ẹ kú àárò wa. Ẹ̀gbọ́n mi Àdìsá, ẹ kú ìdúrótini. Tísà tó ń bá yín ka ìwé yìí, mo kí wọn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n kà á sókè ní gbàgede, kí gbogbo ẹni tó bá wa ṣe ọ̀wẹ̀ lè gbọ́, kí Bàbá Àlàó aládùúgbò wa náà sì gbọ́, nítorí ọ̀rọ̀ yìí kàn wọ́n.

Bàbá, mọ́tò náà fò! Mo ní kí n kọ́kọ́ sọ èyí, kí ọkàn yín lè balẹ̀ gbọ́ ìyókù. Ó fò, èmi ọmọ yín sì wà nínú rẹ̀.

Rafiu, ọmọ Kétu tó ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi, ló wá mi rí nígbà tí ọkọ̀ wọn gúnlẹ̀ sí Màsẹ́ì, ìlú Faransé tí mo wà níbí. Ó ní òun yà sọ́dọ̀ yín nígbà tí òun wálé, pé nígbà tí ẹ gbọ́ nínú ìwé mi ìṣáájú pé ọwọ́ mi wà nínú mọ́tò kan tó ń sáré nílẹ̀ tó sì fẹ́ máa fò lókè, ẹ ní ó parí, Àkànbí ń fi mọ́tò rẹ̀ bọ̀ wá sílé ní Idigny. Ẹ bi Tísà léèrè irú ibi tí ohun bẹ́ẹ̀ máa ń bà sí, wọ́n ní ilẹ̀ gígùn tó tẹ́jú ni. Ni ẹ bá ké sí ọ̀wẹ̀. Ìyá gún iyán, ẹ sì la ọ̀nà láti ẹnu ilé wa títí dé títì ńlá. Ẹ hú kùkùté, ẹ dí kòtò, ẹ tú ebè iṣu tó wà lójú ọ̀nà ká. Ebè iṣu, Bàbá! Ẹ̀yin tí ẹ kì í jẹ́ kí ewúrẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ ebè yín kọjá. Nígbà tí mo gbọ́ ìyẹn, mo bú sẹ́kún níwájú Rafiu.

Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó kọ ebè ló ni iṣu. Tí wọ́n bá ti ní ọwọ́ Àkànbí ló kan mọ́tò, ta ni ì bá tún ni ín? Níhìn-ín kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá mi, òyìnbó arúgbó kan tó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń jà, ló ni mọ́tò, òun ló ni ìyẹ́, òun ló ni gáréèjì. Èmi ni mò ń jó irin pọ̀ fún un. Rafiu ní kò sí ọjọ́ tí Bàbá Àlàó kì í dúró lójú ọ̀nà yẹn, kí wọ́n gbójú sókè, kí wọ́n bi yín bóyá ẹyẹ tó ń kọjá lọ yẹn ni ọmọ yín. Ó ní ẹ kì í fèsì mọ́. Ìyẹn ló dùn mí jù, nítorí mi ò mọ̀ yín sí ẹni tí í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ lọ láìdáhùn.

Ìlú yìí kò burú, àmọ́ kò gbóná. Afẹ́fẹ́ kan wà tó ń fẹ́ láti òkè wá. Ọyẹ́ tiwa kò tó ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀. Èèyàn á wọ ibi iṣẹ́, kò sẹ́ni tó máa kí i kú iṣẹ́. Ní ọjọ́ ìsinmi, èmi nìkan ni mò ń jẹun, mo sì máa ń sọ èdè Nagô wa sí abọ́ mi kí ẹnu mi má baà gbàgbé. Owó tí mò ń gbà kò pọ̀, ṣùgbọ́n mi ò tọrọ jẹ.

Ọjọ́ tí a máa fi mọ́tò náà han àwọn ará ìjọba, gbogbo wa tún ń yẹ ìdè ìyẹ́ rẹ̀ wò. Bí kò bá fò, gáréèjì yóò tì, èmi náà yóò sì di aláìníṣẹ́ ní ilẹ̀ onílẹ̀. Ọ̀gá wọlé sí ìdí ọkọ̀, ó wò wá yíká, ó ní ẹni tó jó irin ìyẹ́ rẹ̀ pọ̀ ni kó wá bá òun jókòó. Bàbá, òyìnbó náà kò mọ̀ pé òfin oko wa lòun ń tẹ̀ lé. Mo wọlé. Mọ́tò sáré lórí pápá títí, ó ń hó, ó ń gbọ̀n, lójijì ìgbọ̀nrìrì náà dákẹ́. Ilẹ̀ ti fi wá sílẹ̀. Mo rí òkun, mo rí òrùlé pupa, mo rí àwọn mọ́tò tó to tẹ̀ léra wọn lójú títì tí wọn ò lè rìn. Mo kígbe oríkì yín sókè! Ọ̀gá rò pé ẹ̀rù ló ń bà mí, ó ń fọwọ́ gbá mi léjìká. A bà sílẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, a tú ìyẹ́ rẹ̀, a sì wà á gba títì padà sí gáréèjì bí mọ́tò yòókù.

Ọ̀gá ní láìpẹ́, olúkúlùkù á máa fi irú rẹ̀ lọ sí ibi iṣẹ́. Mo rẹ́rìn-ín sínú. Kí a tó de ìyẹ́ yẹn, ọkùnrin tó gbójú mélòó kan á làágùn. Bí afẹ́fẹ́ bá le, kò gbọdọ̀ gbéra. Ẹni tó fẹ́ wà á á gba pẹ́mì, ìwé àṣẹ ìwakọ̀, ti ilẹ̀, á tún gba ti òkè. Ó ń mu epo ẹsáńsì bí ẹni tó gbààwẹ̀ ń mu omi. Mọ́tò tó bá kú lójú títì, a lè tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́. Èyí tó bá kú lókè ńkọ́? Ìyá, ẹ tún rò ó wò: balùwẹ̀ wa kò ní òrùlé. Obìnrin wo ló máa wẹ̀ nífọ̀kànbalẹ̀ bí Bàbá Àlàó bá ń gba òkè lọ sóko? Ọjọ́ rẹ̀ lè dé, bóyá lójú àwọn ọmọ ọmọ yín. Ní tèmi, mọ́tò yìí kò lè la òkun, kò lè la aṣálẹ̀, kò sì ní bà sí Idigny.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́. Nígbà tí Rafiu ń lọ, ó kàn sọ ọ́ bí ọ̀rọ̀ lásán pé kàmíọ̀n akẹ́rù ti ń gba ọ̀nà yẹn wọlé báyìí, ó ń wá kó àgbàdo lábẹ́ igi máńgòrò wa, àwọn obìnrin ò sì ru apẹ̀rẹ̀ lọ sí títì ńlá mọ́. Mo fò dìde! Bàbá, láti ìgbà tí wọ́n ti tẹ abúlé yẹn dó, ọkọ̀ kankan kò dé ẹnu ilé wa rí. Àwọn Faransé kò là á. Ìjọba tiwa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira kò tíì ráyè dé ibẹ̀. Ẹ̀yin lẹ là á. Bàbá Àlàó, ẹ jọ̀ọ́, àgbàdo tiyín ńkọ́, ṣé ẹyẹ ló gbé e lọ sọ́jà? Ẹ dá Bàbá mi lóhùn, kí àwọn náà lè tún máa fèsì.

Mò ń bọ̀ nígbà iṣu tuntun. Ọkọ̀ ojú omi ni mo máa wọ̀, n ó wọ rélùwéè dé ìlú Pobè níbi tí irin rẹ̀ pin sí, n ó wá wọ kàmíọ̀n. Nígbà tí mò ń lọ, Ìyá ló ru àpótí mi láti ilé dé títì ńlá, tí a ń sunkún lọ lójú ọ̀nà tóóró. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹnikẹ́ni kò ní ru àpótí mi. Ẹnu ilé ni n ó ti sọ̀ kalẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí koríko hù sí ojú ọ̀nà yẹn.

Ẹ̀mí yín á gùn, ẹ ó jẹ èrè ọwọ́ yín, Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí a fi ẹkún pàdé. Ẹ bá mi kí tọmọdé tàgbà, ẹ kí gbogbo ẹni tó gbé àdá àti ọkọ́ wá sí ọ̀wẹ̀ náà.

Èmi ni ọmọ yín,
Àkànbí, tó ti fò rí, tó sì ń gba ilẹ̀ bọ̀ wá sílé.