Ọmọ Tó Gbóná Tí Kò Ké

Ajé, 3 Oṣù Kọkànlá 2025
Omi oyún Nàfísàt, ọmọ-ọmọ mi, ti ń jò láti àná. Oyún oṣù méje. Mo ní kó dùbúlẹ̀, kí n tọ́jú rẹ̀. Ó ní, "Ìyá Àgbà, ẹ jọ̀ọ́," ló bá wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá lọ ọsibítù. Lójú èmi! Èmi tí mo gbẹ̀bí fún ogójì ọdún ní Ọ̀fà yìí. Èmi tí mo lọ ẹ̀kọ́ àgbà nítorí kí n lè máa kọ àwọn ọmọ tí mo gbẹ̀bí sínú ìwé fúnra mi. Mo tẹ̀lé e. Inú ń bí mi.

Wọ́n fa omi òògùn kan sí i lọ́wọ́, magnẹ́síọ̀mù. Wọ́n ní ó ń dáàbò bo ọpọlọ ọmọ tí kò pé oṣù. Nàfísàt ní ara òun gbóná bí ẹni tó jókòó ti ààrò. Nọ́ọ̀sì fi òòlù kékeré kan gbá a lórúnkún, ẹsẹ̀ ta. Nígbà tó yá, ó tún gbá a — kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ta mọ́. Wọ́n ní òògùn ti pọ̀ jù, wọ́n yára dín in kù.
Mo ti rí irú ẹsẹ̀ yẹn rí. Níbo?

Ìṣẹ́gun, 4
Ó bí i láàárọ̀. Obìnrin. Kò ké.

Ọjọ́rú, 5
Inú àpótí gíláàsì ló wà. Ara pọ́n, ara gbóná, ọwọ́ rọ̀ bí ewé tí oòrùn pa. Ẹ̀rọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nìkan ló ń ké. Jẹ́jẹ́ ni mo sọ ọ́.
Nọ́ọ̀sì Hadassah — Abẹ́rẹ́ ni mo ń pè é, nítorí ẹnu rẹ̀ — ní kí n má fọwọ́ kan àpótí. Mo ní ọwọ́ yìí ti ń gbẹ̀bí kí wọ́n tó bí ìyá rẹ. Ó ní, "Màmá, ìyá mi ti ń ṣe tíṣà nígbà yẹn o." Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi kọ́.
Ó lọ jẹun ọ̀sán. Mo ki ọwọ́ bọ ihò àpótí. Píọ̀ wọ́tà tútù wà nínú báàgì mi. Bí mo ṣe ń ṣe é nìyẹn látọjọ́ pípẹ́: ọmọ tí kò bá ké, màá ta omi tútù sí i láyà lẹ́ẹ̀mẹta. Bí kò bá ta gìrì, kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Màá fi aṣọ funfun dì í, bàbá rẹ̀ á gbé e lọ sin kí ilẹ̀ tó ṣú.
Ẹ̀ẹ̀kan. Ẹ̀ẹ̀mejì. Ẹ̀ẹ̀mẹta.
Kò ta gìrì.
Ó la ojú. Ó ń wò mí.

Ọjọ́bọ̀, 6
Dókítà Ọlánípẹ̀kun gbé ohun tí wọ́n fi ń gbọ́ àyà Jẹ́jẹ́ sí mi létí. Hùù, hùù — bí atẹ́gùn lábẹ́ ilẹ̀kùn. Ó ní ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ kan lẹ́bàá ọkàn, tó yẹ kó pa dé lẹ́yìn ìbí, ló ṣì ṣí sílẹ̀. Àìpé oṣù lè fà á. Bóyá òògùn náà dá kún un. Ó ní òògùn tó wọ ara ìyá wọ ara ọmọ: ó ń dẹ iṣan ẹ̀jẹ̀, ara á gbóná, ara á rọ̀. "Oorun òògùn ló ń sùn, Màmá. Á tọ̀ ọ́ dànù, á jí."
Mo bi í bóyá ẹni tí ò mọ̀ lè rò pé ó ti kú. Ó ní àfi ẹni tí ò bá fetí sí àyà rẹ̀ dáadáa.

Ẹtì, 7
Jẹ́jẹ́ ké, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Bí ọmọ ológbò. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Èmi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Àìkú, 9
Mo wá ìwé ọdún 2009 jáde. Ọwọ́ èmi fúnra mi ló kọ ọ́:
Asiata, Ìjagbo. Obìnrin. Oṣù mẹ́jọ. Kò ké. Omi lẹ́ẹ̀mẹta. Ó gbóná.
Gìrì aboyún ló mú Asiata. Wọ́n ti fún un ní òògùn gìrì, magnẹ́síọ̀mù kan náà, ní ọsibítù kó tó sá tọ̀ mí wá, ẹ̀rù iṣẹ́ abẹ ń bà á. Ara rẹ̀ gbóná, ẹsẹ̀ rẹ̀ rọ jọwọlọ. Ẹsẹ̀ yẹn nìyẹn.
Mi ò fetí lé àyà ọmọ náà. Mo ní omi ti sọ̀rọ̀, mo fi aṣọ funfun dì í.

Ajé, 10
Ìwé náà ṣì wà lórí tábìlì.

Ọjọ́bọ̀, 20
Ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ Jẹ́jẹ́ ti pa dé. Dókítà ní àyà rẹ̀ mọ́ tónítóní. Àmọ́ nínú ilé mi — ọ̀sán gangan, èmi nìkan — mo ń gbọ́ ọ. Hùù. Ẹ̀gbẹ́ tábìlì, níbi tí ìwé yẹn wà. Mi ò lè dá ìwé náà padà sínú àpótí ìwé mi.

Ọjọ́bọ̀, 4 Oṣù Kejìlá
A ti gbé Jẹ́jẹ́ wálé. Asiata wá kí wa láti Ìjagbo, ó gbé ọṣẹ ọmọ dání. Kò bí òmíràn láti ọjọ́ yẹn. Síbẹ̀ "Ìyá mi" ló ń pè mí, ó ní èmi ni mo gba ẹ̀mí òun là.
Ó gbé Jẹ́jẹ́ sáyà. Ó fọwọ́ pa á lẹ́yìn. Ó wá ní, "Ìyá, ó mà gbóná o. Tèmi ńkọ́? Ẹ ò jẹ́ kí n gbé e."
Mo ní ó ti tutù. Pátápátá.
Mo lọ bu omi fún un. Nígbà tí mo máa fi jáde, ó ti tẹ́ Jẹ́jẹ́ sórí àga, ọmọ ń ké kíkankíkan. Òun dúró ti tábìlì. Ìwé náà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Asiata mọ̀wé jù mí lọ.
Ó ka ìlà tirẹ̀ sókè, ọ̀rọ̀ kan lẹ́yìn òmíràn. Ó ka èyí tó gbẹ̀yìn lẹ́ẹ̀mejì: "Ó gbóná. Ó gbóná."
Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà, ife omi tútù lọ́wọ́ mi.
Kò pariwo. Kò mira. Ó gbé ojú sókè, ó ń wò mí.